Àtàǹpàkò Ọdẹ́yalé, tàbí Bí Ọdẹ Ṣe Lọ Ya Eṣinṣin ní Fọ́tò Nílùú Àjẹrà

Ẹ sún mọ́ ibí, òjò yìí ò ní dá báyìí. Ẹni tó bá ní àgbàdo sísun lọ́wọ́, kó yáa jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tó bá dé àárín, kò sẹ́ni tó máa lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Mo ti sọ tèmi o. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bì.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà nínú ẹrọ̀fọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Àpá ẹ̀ ń bẹ ní itan mi, mi ò ní ṣí i torí àwọn ìyá wa tó wà níbí. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ abúlé Olúwéré, tí ilé rẹ̀ àti ilé mi kọjú síra. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọdẹ kì í sì í parọ́ fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ta ló ṣe "hẹ̀n" un? Kó jáde sínú òjò.

Ọdẹ́yalé yìí, kò sí ẹranko tó ń bà á lẹ́rù. Ó pa ẹkùn, ó pa ìmàdò, ó pa erè tó gbé ewúrẹ́ mì, ó là á, ewúrẹ́ náà sì jáde, ó ń bú u pé kí ló dé tí kò tètè dé. Ohun kan ṣoṣo ni ayé fi mú un: ẹ̀gbin. Kò lè rí ẹ̀gbin sójú. Tó o bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí itọ́ rẹ ta sí i lára, odò ló ń lọ yẹn. Tí eṣinṣin bá bà létí àwo rẹ̀ pẹ́ẹ́, ajá ló ń jẹ ọbẹ̀ yẹn, nígbà míì ajá ló ń jogún àwo náà. Ó máa ń sọ pé, "Ẹkùn á pa ọ́ ni, kò ní bì sínú ọbẹ̀ rẹ."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, Ìyá Ìgè la máa ń pè é. Obìnrin yìí ní ọgbà kan lẹ́yìnkùlé tó fi ń gbin ẹlẹ́gẹ́dé. Ẹ má fojú ẹlẹ́gẹ́dé lásán wò ó. Èèpo rẹ̀ funfun bí ẹfun, inú rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun. Nígbà tí ìyá Àwẹ̀ró ń kú lọ, kò ní ilẹ̀, kò ní iyùn. Horo ẹlẹ́gẹ́dé méje ló tú sílẹ̀ létí aṣọ rẹ̀, ó kó o lé ọmọ lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kó run." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Lọ́dọọdún ni Àwẹ̀ró ń gbìn ín, lọ́dọọdún ló ń mú horo sílẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ lábúlé kankan mọ́.

Ó di ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé ẹlẹ́gẹ́dé kan sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ láti fi se ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé tán, ó dún pọ̀ọ̀. Omi funfun kan tú jáde, ó ń hó. Òórùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òórùn ẹsẹ̀ tó ti jẹrà nínú bàtà òjò ni. Ó là á sí méjì. Ìdin! Ìdin bí ìrẹsì tó ti jinná, wọ́n ń wọ́ gìrìgìrì lórí ara wọn, wọ́n ń fa ọ̀rá inú ẹlẹ́gẹ́dé mu, ẹ máa gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń fà á, ṣùrùù, ṣùrùù. Ibi tó ti wá burú ni pé ìdin yìí ń fò. Ó máa ká ara rẹ̀ kò bí ọrun, ó máa fi ẹnu mú ìdí ara rẹ̀, á wá ju ara rẹ̀ sílẹ̀, tán-án! Ọ̀kan fò, ó bọ́ sínú iná. Ọ̀kan fò, ó bọ́ sínú omi mímu. Ẹ̀kẹta fò, ó balẹ̀ sáàárín irùngbọ̀n Ọdẹ́yalé.

Ọkùnrin tó pa ẹkùn ké bí ọmọ tuntun. Ó sá lọ sódò pẹ̀lú fìlà lórí.

Ìgbà tó fi máa dé, ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì bá àlejò nílé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúadé ni, òun ni ọ̀gá àgíríkì tí wọ́n rán sí gbogbo abúlé agbègbè wa. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo ẹlẹ́gẹ́dé náà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú sí mi o. Ìdin yìí ti wọ abúlé mẹ́ta. Àwọn tó rán mi ní bí mi ò bá mọ eṣinṣin tó ń yé e, kí n hú gbogbo ọgbà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n dáná sun ún, àtewé àteso."

Àwẹ̀ró ní, "Kí ẹ hú kí ni? Irúgbìn ìyá mi?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ma, èso tó ti bàjẹ́ nìkan la máa kó, mo sì ní ìdẹ tí mo lè fi pa olè náà. Ṣùgbọ́n eṣinṣin méjì ló ń fò nínú ọgbà yín. Méjèèjì kéré, méjèèjì nílà bíi ti agbọ́n nídìí. Ọ̀kan ló ń yé ìdin. Èkejì, ọmọ tirẹ̀ ló ń jẹ àwọn kòkòrò wẹẹrẹ tó ń fa omi ewé mu. Tá a bá lọ pa èyí tó ń ràn yín lọ́wọ́, ewé yín máa gbẹ, olè á sì ṣì wà níbẹ̀."

"Bí ọ̀bọ ti ṣorí ni ìnàkí ṣe," ni Ọdẹ́yalé wí. "Ẹ gbá a pa kẹ́ ẹ wò ó."

"Bàbá, tá a bá gbá a, omi ló ń dà. Kò sí ohun tá a máa rí mọ́. Fọ́tò ni mo fẹ́. Fọ́tò tó mọ́ kedere, tí mo fi lè ka ìlà ara ìyẹ́ rẹ̀, tí mo sì lè rí bí ìdí rẹ̀ ṣe rí. Kò sì gbà pé kéèyàn sún mọ́ ọn."

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín títí. "Èmi? Èmi tí mo yìnbọn wọ inú ihò etí àgbọ̀nrín tó ń sáré? Mú nǹkan ọ̀hún wá."

Tinúadé bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, ó fi kọ́ bàbá lọ́rùn. "Ibí lẹ máa tẹ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó mì o."

Ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wọ inú ọgbà bí ọdẹ ti í wọ igbó. Ó fi ewé ẹ̀fínrín pa ara kí eṣinṣin má gbóòórùn rẹ̀. Ó ju eruku sókè, ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó ń fi àyà wọ́, ìgbín ò jù ú lọ. Eṣinṣin náà wà lórí ewé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó jẹun tán lóde ìnáwó. Ọdẹ́yalé gbé kámẹ́rà sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Eṣinṣin ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lórí ewé kejì, ó ń ra ọwọ́ náà lọ. Ó yí síbẹ̀, ó ti dé ewé kẹta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n, òun náà mọ̀ ọ́n, ó ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń wọ́ nílẹ̀ níbi tí èso jíjẹrà ti ń ro sí i lọ́rùn, tí nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ń wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ń fọ ọwọ́, ó ń padà wá. Ó ya ogójì fọ́tò.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró ní kí òun wò ó. Fọ́tò àkọ́kọ́, ewé. Ìkejì, ojú ọ̀run. Ìkẹta, etí fìlà. Ìyókù, àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò òsì Ọdẹ́yalé, ó tóbi, ó dúdú, ó dí gbogbo ojú kámẹ́rà.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Ìgè."

"Kí ni?"

"Ṣé àtàǹpàkò yín ló ń yé ìdin sínú ẹlẹ́gẹ́dé mi ni?"

"Yé fi mí ṣẹ̀sín, obìnrin yìí!"

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín o. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí a máa mú ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ọkọ mi, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mi ò ní horo kankan nílé. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọdẹ́yalé lára ju ọta lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn yọ, ó rí ọ̀kan nínú eṣinṣin náà tó ń rìn lórí ilẹ̀, ó wọ ihò kan nísàlẹ̀ ọgbà. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀, ó ti orí bọ ihò. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Àfi bí ilẹ̀ ṣe fà á mì bí ẹni fa ọbẹ̀ ilá, gbùrùrù, ó di inú igbó kan.

Igbó wo nìyí? Ẹ̀ka ẹlẹ́gẹ́dé ni, ṣùgbọ́n ó ti ga ju ìrókò lọ, irun ara rẹ̀ dà bí ọ̀kọ̀. Ẹ̀kán ìrì kan tó odò. Ó sì ń rùn! Òórùn náà nípọn débi pé tó o bá ya ẹnu, o máa rún un lẹ́nu bí ẹran.

Oníbodè kan dúró lójú ọ̀nà. Ara rẹ̀ aláwọ̀ ewé ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà gùn bí òpó. Kò dúró lójú kan. O máa rí i lọ́tùn-ún, kó o tó ṣẹ́jú ó ti wà lósì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Èmi Ọdẹ́yalé, apẹkùn-má-wẹ̀yìn, a-rí-ìmàdò-rẹ́rìn-ín..."

"A ò béèrè oríkì. Gba àlọ́ yìí. Bàbá kan wọ ilé àna rẹ̀, kò fi ẹnu tọ́ ọbẹ̀ wò, ẹsẹ̀ ló fi tọ́ ọ wò. Nígbà tó gbádùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó bì sí i kó tó jẹ ẹ́. Ta ni bàbá náà?"

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ bo imú. "Irú ọ̀bùn wo nìyẹn? Ta ló máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìyàwó?" Ó ronú, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí i pé oníbodè dúró nínú ìgbẹ́ màlúù dé orúnkún, ó ń fi ẹsẹ̀ rò ó, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń lá oyin. "Hà! Ìwọ ni! Ẹ̀yin náà ni! Ọ̀bùn, ẹlẹ́gbin, ìdọ̀tí ọmọ ìdọ̀tí!"

"O gbà á!" ni oníbodè wí, inú rẹ̀ dùn. "Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti kì wá dáadáa báyìí." Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé Ọdẹ́yalé lẹ́yìn ọwọ́. "Ẹ̀kọ lo jẹ láàárọ̀. Iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ yẹn."

Báyìí ló ṣe wọ ìlú Àjẹrà.

Ẹ̀yin ará, mo ti kìlọ̀. Máńgòrò tó ti rà ni wọ́n fi kọ́lé níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ń ṣomi. Wọn kì í dọ̀bálẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kí àgbà, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á bì sí i. Kí Ọdẹ́yalé tó dé ìdajì àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ ti kún títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí odò. Wọ́n gbé oúnjẹ àlejò ka iwájú rẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ wú bí àpò. Àwọn àgbà ìlú tò yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rọ̀, wọ́n sì fún un ní pòròpórò kan kó fi máa fà á mu.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ń gbààwẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Oníbodè ní, "Ààwẹ̀ kí ni? Ìwọ tó o jẹ ọbẹ̀ tí a ti bì sí nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Irọ́ ni!"

"Ti ọjọ́ ọjà, tó o ní kí ìyàwó rẹ fi ẹran kún un. Èmi àti àbúrò mi ni. O lá àwo."

Ọdẹ́yalé rántí pé lóòótọ́ lòun lá àwo. Kò mọ ìgbà tó tẹríba tó bì gbogbo ohun tó jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìlú Àjẹrà pariwo ayọ̀! "Ó ti kọ́ àṣà ìlú!" Wọ́n dà bò ó, ó di pé wọ́n ń ti ara wọn níbi èébì rẹ̀ bí ẹni tí ìyàn ti mú fún ọdún mẹ́ta. Eṣinṣin ò mọ ikú, jíjẹ ni tirẹ̀.

Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, àgbàdo yẹn ń kọ́? Ẹ ti gbé e sílẹ̀? Mo sọ bí?

Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, Olójúpọ̀. Gbogbo orí rẹ̀ ojú ni. Ojú kékeré inú ojú ńlá, wọ́n tò bí horo lára àgbàdo, wọn ò sì níye. Nínú ìkọ̀ọ̀kan ni Ọdẹ́yalé ti rí ara rẹ̀, ẹgbẹ̀rún Ọdẹ́yalé tí èébì wà lágbọ̀n.

Ọba ní, "Ìwọ lo fi ewé ẹ̀fínrín para tó o fi àyà wọ́ wá bá wa fún ọjọ́ méjì?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Àwọn ìdin wa ń fi ọ́ ṣe ìran wò. Ẹ fi hàn án."

Gbogbo ìjòyè dìde. Wọ́n ṣe bí ẹni gbé nǹkan sójú, wọ́n gbé èjìká sókè, wọ́n yí orí sẹ́yìn, wọ́n di ojú pinpin, ara wọn sì gbọ̀n rìrì. Ẹ̀rín pa gbogbo ààfin.

Ọdẹ́yalé gbaná jẹ. "Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀!"

"O ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogójì," ni ọba wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ti mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ṣakabùlà ni. Ìbọn wa yìí, tó o bá fà á, iná á kọ́kọ́ bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ kó tó dún. Ẹni tí kò bá dijú kó yí orí, ojú kan ni yóò máa fi wá ilé. Àgbà ọdẹ ló ń fi igi na ọmọ ọdẹ títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe láìronú. Ọdún méjìlélógójì ni Ọdẹ́yalé ti ń ṣe é. Ara rẹ̀ ò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ìbọn. Nígbà tó bá ń gbọ̀n, àtàǹpàkò á yọ̀ síwájú, ojú á ti dì.

"Nǹkan tó wà lọ́rùn rẹ yẹn," ni ọba wí, "ṣé iná ń jáde lára rẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń dún?"

"Ṣẹ́kẹ́ lásán ni."

"Kí wá lò ń dijú fún?"

Ọdẹ́yalé gbójú wo àtàǹpàkò òsì rẹ̀.

Ọba ní, "Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Jókòó sí ìta gbangba yìí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá bà lé ọ, má lé e. Ẹni tó ò ń wá náà á wá. Ṣùgbọ́n tó o bá ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ò ní rí wa mọ́ títí wọ́n á fi sun ọgbà ìyàwó rẹ."

Ó jókòó. Wọ́n dé.

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn ni wọ́n ń kéré sí i, títí wọ́n fi tó eṣinṣin ilé lásán. Wọ́n bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, wọ́n ń mu omijé rẹ̀. Wọ́n wọ ihò imú, wọ́n tò sí ètè rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n ń bì, wọ́n ń lá a padà. Kantíkantí tó ti yó ẹmu ń kọrin nínú etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn tutù, ó lẹ̀, ó ń rìn yọ́yọ́ lórí ahọ́n rẹ̀ nígbà tó gbàgbé tó ya ẹnu. Ọkùnrin tó ń sọ àwo nù nítorí eṣinṣin kan! Ọwọ́ rẹ̀ ń gbé ara rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan di èkejì mú. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀, "Horo méje. Horo méje. Horo méje." Èmi tí mo bá ẹfọ̀n jà, mo jẹ́wọ́ fún yín, mi ò lè ṣe é.

Ọ̀kan wá dé, ó dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi òwú so kọ́. Ó nílà bíi ti agbọ́n. Ọdẹ́yalé rọra gbé kámẹ́rà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè; ó ní, "Sọ̀kalẹ̀." Ó sọ̀kalẹ̀. Ojú fẹ́ dì. Ó là á sílẹ̀. Ṣẹ́kẹ́. Ìdí eṣinṣin yìí rí róbótó, kò sí nǹkan níbẹ̀. "Má wò mí," ni ó wí, "oyin òdòdó ni tèmi. Àwọn ọmọ mi wà lábẹ́ ewé yín, wọ́n ń ṣiṣẹ́." Ó sì lọ.

Ìgbà náà ni èkejì dé. Kò fò wá, ó rìn wá bí ẹni tó nilé. Ó ń na ìyẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí obìnrin tó ń fi aṣọ tuntun han orogún, ìlà dúdú kan sì gba etí ìyẹ́ náà lọ. Nídìí rẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn kan yọ.

"Ẹ kú ọgbà o, bàbá ẹlẹ́gẹ́dé," ló wí. "Èso ìyàwó yín dùn. Mi ò lè ka iye ọmọ tí mo bí sí i. Èyí wo nínú wọn ló wọ yín nírùngbọ̀n?"

Ó gun àtàǹpàkò òsì Ọdẹ́yalé, níbi tí omi ẹlẹ́gẹ́dé ṣì lẹ̀ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò. "Èyí náà dùn." Ló bá tẹ ìdí mọ́lẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀bá èékánná.

Ó dùn ún dé ọpọlọ. Ọdẹ́yalé rí ẹyin tó ń bọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ inú ẹran ara rẹ̀. Kò gbé èjìká. Kò yí orí. Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ṣẹ́kẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ké. Igbe tó ké ni ilẹ̀ fi pọ̀ ọ́ jáde.

Ó bá ara rẹ̀ nínú ọgbà, orí rẹ̀ nínú ihò, Àwẹ̀ró ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá Ìgè! Ọjọ́ mẹ́ta! Inú ihò lẹ wà tí mo ti ń wá yín káàkiri!" Èéfín ọgbà àwọn ẹlòmíì ti ń rú. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dúró tọkọ́tọkọ́, Tinúadé sì mú ìṣáná lọ́wọ́, omi lójú.

Ọdẹ́yalé ń tutọ́. Ó bọ́ kámẹ́rà, ó sọ ọ́ sí wọn. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ wò ó. Fọ́tò kan, eṣinṣin onídìí róbótó. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ló bá káwọ́ lérí.

"Àtàǹpàkò náà tún ni! Yéè, ìyá mi, ẹ forí jì mí!"

Tinúadé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á kó tóbi. Ó wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ara ìyẹ́ pẹ̀lú ìka, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Ìlà etí ìyẹ́ nìyí... Abẹ́rẹ́ nìyí. Ìyá mi, ẹ dìde. Ẹ wo orí àtàǹpàkò yẹn dáadáa. Olè nìyí." Ó sọ ìṣáná nù sínú ẹrẹ̀, ó yíjú sí àwọn ọlọ́kọ́. "Ẹ máa lọ ilé. Ẹ sọ fún àwọn tó ń dáná kí wọ́n pa á."

Èso tó ní ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n kó sínú ọ̀rá, wọ́n dì í pinpin, wọ́n sì fi sínú oòrùn títí ìdin inú rẹ̀ fi jinná. Wọ́n fi ìdẹ kọ́ sára ọgbà fún olè. Onídìí róbótó, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹlẹ́gẹ́dé mọ́kànlá ló yè. Nígbà tí wọ́n gbó, Àwẹ̀ró ka horo wọn sí etí aṣọ rẹ̀, ó dì í, kò tú u fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọdẹ́yalé ò jẹun láìdé àwo mọ́. Ó máa ń gbé ọmọrí sókè díẹ̀, á ki ọwọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ bí olè, á sì tún béèrè pé, "Ìyá Ìgè, o rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ti fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò?"

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́jọ, àtàǹpàkò òsì rẹ̀ wú. Ó ń dán, ó pọ́n, ó gbóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Àwẹ̀ró mú ọwọ́ rẹ̀ wò. Ohun kan sún lábẹ́ awọ. Ihò kan là ní ẹ̀bá èékánná, nǹkan funfun kan yọ orí síta, ó wò wọ́n, ó wọlé padà.

Èébì gun Àwẹ̀ró. Ó sáré wọlé, ó mú abẹ jáde. "Ẹ yíjú sẹ́yìn, Bàbá Ìgè. Ẹ dijú. Ẹ jẹ́ n fà á yọ."

Ojú Ọdẹ́yalé ti di eérú fún ìríra. Òógùn ń ro ó. Ṣùgbọ́n ó gba abẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Mi ò dijú mọ́," ló wí. "Ọgọ́rùn-ún ìdin la pa, Tinúadé ò tíì rí ojú ọ̀kan dáadáa. Lọ bá mi mú kámẹ́rà tó fi sílẹ̀ wá, kí ìdin yìí tó tún yọ orí síta."

Òjò ti dá. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ẹ wo àgbàdo yín nílẹ̀ yẹn, ẹnì kan ti ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ dé e, àbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Èmi ń lọ fọ ọwọ́.